Kọ̀ǹpútà Kò Mọ Ohun Tí A Ò Sọ Fún Un

Nínú ètò wa ti ọ̀sẹ̀ yìí, a sọ̀rọ̀ lórí àwọn irinṣẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì tó rọrùn, tí kò sì gba owó lọ́wọ́ ẹni: kàlẹ́ńdà, ìwé àjùmọ̀kọ, tábìlì ìṣirò àti fọ́ọ̀mù ìdánwò. Ọ̀rọ̀ náà pọ̀ díẹ̀, ó sì ní nọ́ńbà nínú, ìdí nìyí tí mo fi kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ lè máa tún un kà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Àwọn ọ̀rọ̀ tó lè ṣòro wà nísàlẹ̀, pẹ̀lú iṣẹ́ àṣetiléwá.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn kan bẹ̀rẹ̀. Ìtàn náà ṣì ń tì mí lójú.

Gbogbo ọjọ́ Sátidé ni mo máa ń kọ́ àwọn èèyàn ní Yorùbá láti London. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ la máa ń bẹ̀rẹ̀, a ó sì parí ní aago márùn-ún. Àwọn ọmọ kan wà ní London, àwọn kan ní Toronto, àwọn kan ní Houston. Arábìnrin kan máa ń wọlé láti Salvador ní Brazil. Nítorí orin tí wọ́n ń kọ nílé Candomblé wọn ló ṣe fẹ́ gbọ́ Yorùbá.

Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹrin ọdún 2025, a pe màmá kan ní Ìbàdàn kí wọ́n wá pa àlọ́ fún wa. Láti oṣù kejì ni mo ti sọ fún wọn pé, "Màmá, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni lọ́dọ̀ tiyín." Nígbà tó dọjọ́ náà, Màmá múra, wọ́n wé gèlè, wọ́n ní kí ọmọ-ọmọ wọn bá wọn gbé fóònù kalẹ̀ dáadáa. Aago márùn-ún géérégé, wọ́n wọlé. Wọn ò bá ẹnì kankan. A ti dúró dè wọ́n fún odidi wákàtí kan, ó ti sú àwọn ọmọ, a sì ti túká.

Wọ́n pè mí. Wọ́n ní, "Ọkọ mi, ṣé ẹ ti lọ ni? Èmi rèé o, mo ti jókòó." Èmi náà ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má bínú, àṣìṣe èmi ni." Wọ́n ní kò burú. Àmọ́ mo gbọ́ ọ lóhùn wọn pé ó dùn wọ́n.

Kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an? Kọ̀ǹpútà kò bàjẹ́. Íntánẹ́ẹ̀tì kò já. Aago London ló yí padà ní ọjọ́ 30 oṣù kẹta, ti Ìbàdàn kò sì yí. Èmi kò sọ fún kàlẹ́ńdà kankan pé Màmá wà ní Ìbàdàn. Mo kàn kọ "aago márùn-ún" ránṣẹ́ sórí WhatsApp ni, mo sì gbàgbé.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti di ìlànà kan mú: ohun tí a bá ní kí kọ̀ǹpútà ṣe gẹ́lẹ́ ló máa ṣe, kò sì mọ ohun tí a ò sọ fún un. Ohun mẹ́rin ló yẹ ká máa sọ fún un kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀: aago ibo ni? lẹ́tà wo ni? iye mélòó ni? ta ló lè wọlé? Ẹ jẹ́ ká mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àkọ́kọ́: aago ibo ni?

Nàìjíríà kì í yí aago padà. Láti oṣù kìíní títí dé oṣù kejìlá, aago ibẹ̀ máa ń fi wákàtí 1 ṣíwájú aago àgbáyé tí wọ́n ń pè ní UTC. Bẹ́ẹ̀ náà ni orílẹ̀-èdè Benin. Tógò tó múlé ti Benin wà lórí UTC gan-an, ìyẹn ni pé tí aago bá lu mẹ́rin ní Lomé, ó ti lu márùn-ún ní Cotonou. Brazil ti fi yíyí aago sílẹ̀ láti ọdún 2019. Wákàtí 3 ni Salvador fi wà lẹ́yìn UTC, ní òjò ní ẹ̀rùn.

London ò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n máa ń sún aago síwájú ní Sunday tó kẹ́yìn oṣù kẹta, wọ́n á dá a padà ní Sunday tó kẹ́yìn oṣù kẹwàá. Ní ibi tó pọ̀ jù ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, Sunday kejì oṣù kẹta ni wọ́n ń sún un, Sunday kìíní oṣù kọkànlá ni wọ́n ń dá a padà. Ṣé ẹ rí i pé ọjọ́ wọn ò bára mu? Ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta máa ń wà láàárín nínú oṣù kẹta tí ẹnì kan ti yí, tí ẹnì kejì kò tíì yí.

Ẹ wo kíláàsì wa ti aago 4 ìrọ̀lẹ́ ní London, lọ́dún 2025:

• Títí di ọjọ́ 8 oṣù kẹta: Ìbàdàn aago 5 ìrọ̀lẹ́, Salvador aago 1 ọ̀sán, Toronto aago 11 àárọ̀, Houston aago 10 àárọ̀.
• Ọjọ́ 15, 22 àti 29 oṣù kẹta: Ìbàdàn aago 5, Salvador aago 1, Toronto aago 12 ọ̀sán, Houston aago 11.
• Láti ọjọ́ 5 oṣù kẹrin: Ìbàdàn aago 4, Salvador aago 12 ọ̀sán, Toronto aago 11, Houston aago 10.

Kíláàsì kan náà ni o! Kò sẹ́ni tó lè kó gbogbo èyí sórí. Ṣùgbọ́n kàlẹ́ńdà lè kó o sórí, bí a bá sọ ìlú fún un. Nínú Google Calendar lórí kọ̀ǹpútà, ẹ dá ìpàdé tuntun sílẹ̀, kí ẹ sì tẹ "More options". Lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago, ẹ máa rí "Time zone". Ibẹ̀ ni ẹ ti máa yan ìlú tí aago náà jẹ́ tirẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kó máa wáyé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ sì fi ímeèlì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sí "Add guests". Aago ìlú tí kálukú wà ni fóònù rẹ̀ máa fi hàn án.

Ìbéèrè kan ṣì kù tí kàlẹ́ńdà ò lè dáhùn: aago ìlú wo la máa so kíláàsì mọ́? Nítorí bí ti ẹnì kan bá dúró sójú kan, ti ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ sún. Àwa ti so tiwa mọ́ aago Lagos báyìí, aago 5 ìrọ̀lẹ́ ní gbogbo ọdún. Èmi tí mo wà ní London ni mo ń sún: aago 4 nígbà òtútù, aago 5 nígbà ooru. Ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Àgbà kọ́ ló yẹ kó máa ṣírò aago nítorí ọmọ.

Fún àwọn tí kì í lo ímeèlì, tó jẹ́ WhatsApp nìkan ni wọ́n ń wò, ẹ má kọ aago láìkọ ìlú. "Aago 5 ìrọ̀lẹ́ ní Ìbàdàn, aago 4 ní London." Ọ̀rọ̀ díẹ̀ ni, àmọ́ ó ń gba èèyàn lọ́wọ́ ìtìjú.

Èkejì: lẹ́tà wo ni?

Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ Yorùbá lẹ mọ̀ pé èdè wa kò fi àmì ṣeré. Igba ni nọ́ńbà 200. Igbá ni a fi ń bu omi. Ìgbà ni àsìkò. Igbà ni okùn tí ẹni tó ń gun ọ̀pẹ fi ń gun igi. Bí a bá kọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láìsí àmì, ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n di lójú kọ̀ǹpútà.

Àmọ́ wàhálà kan tún wà tó ju ti àmì ohùn lọ. Mo ṣe ìdánwò kékeré kan lórí fọ́ọ̀mù. Ìbéèrè náà ni pé: kí ni wọ́n ń gùn lọ sọ́jà, tó ní táyà mẹ́rin? Mo ti tẹ ìdáhùn sílẹ̀: ọkọ̀. Ọmọ kan ní Houston kọ ọ́ dáadáa, àmì rẹ̀ pé. Fọ́ọ̀mù fún un ní òdo. Ó bi mí pé, "Ùńkù, kí ni mo ṣe tí ò dáa?" Mo wò ó títí, mi ò rí nǹkan kan.

Ìdí rèé. Nínú kọ̀ǹpútà, nọ́ńbà ni lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ètò tó ń jẹ́ Unicode ló fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ọdún 1991 ni ẹ̀dà rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde. Lẹ́tà ọ tó ní kókó nísàlẹ̀ ní nọ́ńbà tirẹ̀, ẹ àti ṣ náà bẹ́ẹ̀. Àwọn kíbọ́ọ̀dù kan wà, ẹ̀wẹ̀, tó jẹ́ pé ìlà kékeré tó dúró ṣánṣán ni wọ́n ń fi sísàlẹ̀ lẹ́tà, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ olùkọ́ ṣe máa ń kọ ọ́ lórí pátákó nílé: o̩. Lójú tiwa, ọ àti o̩ jẹ́ ìkan náà. Lójú kọ̀ǹpútà, ọ̀tọ̀ ni kókó, ọ̀tọ̀ ni ìlà. Èmi fi kókó kọ ìdáhùn, ọmọ yẹn fi ìlà kọ ọ́. Àwa méjèèjì la gbà á. Èmi ni mi ò sọ fún fọ́ọ̀mù pé ìdáhùn méjì ló tọ́.

Ẹ lè fi ojú ara yín rí i. Nínú Google Sheets, ẹ tẹ ọkọ̀ sínú àpótí A1. Nínú B1, ẹ kọ =LEN(A1), kí ẹ tẹ Enter. Ìyẹn máa sọ iye nǹkan tí kọ̀ǹpútà kà. Ojú yín rí lẹ́tà mẹ́ta. Bí ẹ bá lo kíbọ́ọ̀dù tó ń fún yín ní ọ gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà kan, ó máa kà 4: ọ, k, ọ, àti àmì ìsàlẹ̀ ohùn, nítorí pé kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo fún ọ̀. Bí ó bá jẹ́ ti onílà ni, ó lè kà 6: o, ìlà, k, o, ìlà, àmì ohùn. Ẹ wá fojú inú wo àkójọ ọ̀rọ̀ tí èèyàn mẹ́wàá jọ ń kọ, tí oníkálukú ń lo ti ẹ̀. Ẹ wá ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀, ẹ lè má rí i, bẹ́ẹ̀ ó wà níbẹ̀.

Kí wá ni ká ṣe? Ohun mẹ́ta:

• Kí kíláàsì fẹnu kò lórí kókó tàbí ìlà, kí gbogbo yín sì lo irú kíbọ́ọ̀dù kan náà. Gboard ní Yorùbá lórí fóònù. Windows ní kíbọ́ọ̀dù Yorùbá nínú. Àwọn YorubaName.com náà ti ṣe ọ̀kan fún Mac àti Windows, ọ̀fẹ́ ni.
• Nínú ìdánwò lórí àmì ohùn, ẹ kọ ìdáhùn mẹ́rin sílẹ̀ kí ọmọ yan ọ̀kan. Ohun tí ẹ fẹ́ mọ̀ ni bóyá ó mọ ohùn, kì í ṣe irú fóònù tó ní.
• Bí ó bá pọn dandan kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ fúnra wọn, olùkọ́ ni kó ka ìdáhùn náà, kí ó má fi í sílẹ̀ fún fọ́ọ̀mù.

Ẹ̀kẹta: iye mélòó ni?

Kì í ṣe kíláàsì nìkan la ń fi tábìlì ìṣirò ṣe. Ọ̀pọ̀ wa lókè òkun ló ṣì ń dá àjọ. Ká ní èèyàn mẹ́wàá ni yín, tí oníkálukú ń dá £50 lóṣù, tí ẹnì kan sì ń kó £500. Láyé àtijọ́, inú ìwé alájọ ni gbogbo rẹ̀ máa ń wà. Lónìí, ìlà kan fún ẹnì kan nínú Google Sheets ti tó, kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ lè máa wò ó.

Bí owó bá wà láti B2 dé B11, ẹ kọ =SUM(B2:B11), ó máa ro ó pọ̀ fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra o. Bí ẹnì kan bá kọ "50 pọ́n-ùn" sínú àpótí tirẹ̀, ọ̀rọ̀ nìyẹn lójú kọ̀ǹpútà, kì í ṣe nọ́ńbà. SUM máa fò ó kọjá, kò sì ní pariwo. Àròpọ̀ á wá jẹ́ 450. Ẹ mọ ohun tó lè tẹ̀ lé ìyẹn nínú ẹgbẹ́: "Ta ni kò san? Àbí akápò ti fọwọ́ kàn án?" Ọ̀rẹ́ ogún ọdún lè bàjẹ́ nítorí ọ̀rọ̀ kan tí kò yẹ kó wà nínú àpótí.

Nítorí náà, nọ́ńbà nìkan ni kó wà níbẹ̀: 50. Ẹ lọ sí "Format", kí ẹ yan "Number", lẹ́yìn náà "Currency". Tábìlì fúnra rẹ̀ á fi àmì owó sí i. Ẹ tún lè lọ sí "Data", kí ẹ yan "Data validation", kí ẹ ní kó kọ ohunkóhun tí kì í bá ṣe nọ́ńbà.

Ọjọ́ náà ń kọ́ńkọ́ lẹ́yìn owó. Tí ẹni tó wà ní Leeds bá kọ 3/4/2025, ọjọ́ 3 oṣù kẹrin ló ní lọ́kàn. Ẹni tó wà ní Atlanta á kà á sí ọjọ́ 4 oṣù kẹta. Tábìlì kò mọ ti ẹni tó yẹ kó gbà, àyàfi tí ẹ bá sọ fún un nínú "File", "Settings", "Locale". Ohun tó dáa jù ni kí ẹ kọ orúkọ oṣù náà ní lẹ́tà.

Ẹ̀kẹrin: ta ló lè wọlé?

Kí a tó ní ìwé àjùmọ̀kọ, ímeèlì la fi ń gbé ẹ̀kọ́ kiri. Ẹ̀dà kan wà lọ́dọ̀ mi, òmíràn wà lọ́dọ̀ olùkọ́ kejì, òmíràn wà nínú fóònù òbí kan. Kò sẹ́ni tó mọ èyí tó jẹ́ tuntun. Google Docs ti yanjú ìyẹn: ìwé kan ṣoṣo ló wà, gbogbo wa la sì ń wò ó níbi kan náà.

Àmọ́ ilé tí gbogbo èèyàn lè wọ̀, ó yẹ ká mọ ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́. Tí ẹ bá tẹ "Share", ipò mẹ́ta ni ẹ lè fi èèyàn sí. "Viewer" lè kàn wò ó. "Commenter" lè wò ó, kó sì sọ èrò rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. "Editor" lè yí ohun gbogbo padà, kó sì pa á rẹ́. Àwọn ọmọ wa jẹ́ "Commenter" nínú ìwé ẹ̀kọ́. Wọ́n ń bi ìbéèrè níbẹ̀, wọn ò lè ba nǹkan jẹ́.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni "General access". "Restricted" túmọ̀ sí pé àwọn tí ẹ dárúkọ nìkan ló lè wọlé. "Anyone with the link" túmọ̀ sí pé ẹnikẹ́ni tí líǹkì náà bá tẹ̀ lọ́wọ́ lè wọlé, yálà ẹ mọ̀ ọ́n tàbí ẹ ò mọ̀ ọ́n. Líǹkì sì máa ń rìn o: láti WhatsApp kan bọ́ sí òmíràn.

Nítorí náà, ẹ má ṣe kó ohun gbogbo sínú ìwé kan. Àkójọ ọ̀rọ̀, àlọ́ tí a kọ, iṣẹ́ àṣetiléwá: ìwọ̀nyí lè ṣí sílẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ àwọn ọmọ, ọjọ́ orí wọn, nọ́ńbà fóònù àwọn òbí, ilé tí wọ́n ń gbé: inú ìwé mìíràn ni kí ìyẹn wà, kó sì jẹ́ "Restricted". Ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n fi sí wa lọ́wọ́.

Bí ẹnì kan bá sì ṣèèṣì pa nǹkan rẹ́, ẹ má kígbe. Ẹ lọ sí "File", "Version history", "See version history". Ẹ máa rí bí ìwé náà ṣe rí tẹ́lẹ̀, ẹ sì lè dá a padà.

Bí ọ̀rọ̀ Màmá ṣe parí

Lọ́sẹ̀ kejì, ọjọ́ 12 oṣù kẹrin, Màmá tún wá. Mo ti so kíláàsì mọ́ aago Lagos, mo sì ti fi ímeèlì ọmọ-ọmọ wọn sínú ìpàdé náà. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, fóònù tiwọn pariwo ní Ìbàdàn, ti àwọn ọmọ pariwo ní Toronto. Aago márùn-ún géérégé, Màmá ní, "Ààlọ́ o!" Ilé dákẹ́ díẹ̀, nítorí pé ohùn máa ń pẹ́ kó tó dé. Lẹ́yìn náà la gbọ́ ọ láti ìlú márùn-ún, kò tiẹ̀ bọ́ sójú kan náà: "Ààlọ̀!"

Irinṣẹ́ wa kò ju ti oṣù tó ṣáájú lọ. A kàn sọ ohun tó yẹ ká sọ fún un ni.

Iṣẹ́ àṣetiléwá

1. Ẹ dá ìpàdé kan sílẹ̀ nínú kàlẹ́ńdà yín, kí ẹ so ó mọ́ aago Lagos. Aago mélòó ló jẹ́ níbi tí ẹ wà? Ẹ kọ ìdáhùn náà ní gbólóhùn kan, ẹ má gbàgbé orúkọ ìlú.
2. Ẹ tẹ ọkọ, ọkọ̀, ọkọ́ àti ọ̀kọ̀ sínú àpótí mẹ́rin. Ẹ lo =LEN fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí ló dé tí nọ́ńbà wọn ò fi dọ́gba?
3. Ẹ ṣí ìwé kan tí ẹ ti pín fún àwọn èèyàn rí. Ẹ wo "Share". Ṣé àwọn tí ẹ fẹ́ nìkan ló lè wọlé?

Ọ̀rọ̀ tó lè ṣòro

• géérégé: gẹ́lẹ́, láìlé láìdín.
• ìwé àjùmọ̀kọ: ìwé tí èèyàn púpọ̀ lè jọ kọ lẹ́ẹ̀kan náà.
• àjọ: owó tí ẹgbẹ́ ń dá jọ, tí wọ́n ń kó ní ìkọ̀ọ̀kan.
• akápò: ẹni tí owó ẹgbẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀.
• igbà: okùn tí wọ́n fi ń gun ọ̀pẹ.
• ọkọ́: ohun tí àgbẹ̀ fi ń ro oko. Ọ̀kọ̀: ohun ìjà olórí ṣóńṣó.
• "Ọkọ mi": báwọn màmá ṣe máa ń fi ìfẹ́ pe ọmọkùnrin, kì í ṣe ọkọ ìgbéyàwó.

Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ní aago ìlú tí kálukú wà.